Igi wo ló yẹ títì wo? Ohun tó wà nídìí àríyànjiyàn lórí igi gbígbìn ní ìgboro

Bí ìlú kan bá ti kéde pé òun fẹ́ gbin ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi sí ẹ̀gbẹ́ títì, kì í pẹ́ tí awuyewuye fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní iye náà kéré. Àwọn mìíràn á ní igi ńlá tí wọ́n ń gé lulẹ̀ wúlò ju ọmọ igi tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn á béèrè ìdí tí wọ́n fi gbin oríṣi igi mẹ́rin sí títì kan ṣoṣo, tí ojú ọ̀nà náà ò fi dọ́gba mọ́.

Láti ọdún 2021 ni ọ̀rọ̀ náà ti gbóná sí i, nígbà tí Cecil Konijnendijk, onímọ̀ nípa igi ìgboro, gbé ìlànà 3-30-300 jáde: kí olúkúlùkù máa rí igi 3 láti ilé rẹ̀, kí ìbòjì igi bo ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àdúgbò rẹ̀, kí ó má sì rìn ju mítà 300 lọ kó tó dé ọgbà ìgbafẹ́. Ìlànà náà rọrùn láti há sórí, àwọn olóṣèlú sì tètè gbà á mọ́ra. Ohun tí kò sọ ni ìjà ń dá lé lórí: igi wo, ojú ibo gan-an, àti ta ni yóò pinnu.

Kí ló dé tí wọ́n ní kí igi má jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo?

Ìtàn igi elm ni àwọn onímọ̀ máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Títí di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, elm ló gba ojú títì ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà. Ó ń yára dàgbà, ó ń fara da ilẹ̀ líle, ẹ̀ka rẹ̀ láti ọ̀tún àti òsì a sì máa pàdé lókè tí gbogbo títì á fi wà lábẹ́ ìbòjì. Ní 1930 ni wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn elm ní ìpínlẹ̀ Ohio. Inú gẹdú tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù fún iṣẹ́ káfíńtà ló bá dé.

Ohun kan tó jẹ́ ẹbí olú ló ń fa àrùn náà, kòkòrò kékeré tó ń gbé abẹ́ èèpo igi ló sì ń gbé e kiri. Bó bá ti wọ inú igi, yóò dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè láti gbòǹgbò. Ewé á rọ, ẹ̀ka á gbẹ, igi á kú. Ṣùgbọ́n kòkòrò nìkan kọ́ ló ṣe iṣẹ́ ibi yìí. Bí elm bá tò sún mọ́ra, gbòǹgbò wọn máa ń lẹ̀ pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, àrùn á sì gba ibẹ̀ bọ́ sára èkejì, bọ́ sára ẹ̀kẹta. Ìtò gígún régé tí gbogbo ènìyàn ń yìn gan-an ni ikú ń tọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú àrùn náà tó le jù bẹ̀rẹ̀ ní apá ìparí àwọn ọdún 1960, elm tó pa níbẹ̀ sì ju mílíọ̀nù 25 lọ.

Kí ni àwọn ìlú Amẹ́ríkà wá gbìn dípò rẹ̀? Ọ̀pọ̀ wọn gbin igi ash, wọ́n sì tún gbìn ín bí wọ́n ṣe gbin elm: títì kan, igi kan. Ní 2002, wọ́n rí kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tó ń dán, tó wá láti Éṣíà, nítòsí Detroit ní ìpínlẹ̀ Michigan. Àwọn olùwádìí gbà pé inú pákó tí wọ́n fi di ẹrù ló bá wọlé. Ìdin rẹ̀ ń jẹ abẹ́ èèpo ash yí igi ká títí oúnjẹ àti omi ò fi ní ráyè kọjá mọ́. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ash ló ti kú, àwọn ìlú tó ti sunkún elm sì tún sunkún lẹ́ẹ̀kejì.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2013 wo iye ènìyàn tó kú ní ìpínlẹ̀ 15 láàárín 1990 sí 2007. Ó rí i pé ní àwọn agbègbè tí kòkòrò ash ti dé, ikú tó jẹ mọ́ ọkàn àti òpójẹ̀ fi 15,080 lé sí i, ti àìsàn èémí sì fi 6,113 lé. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń fi hàn pé nǹkan méjì jọ ń rìn ni, kò fi múlẹ̀ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Síbẹ̀, òun ni àwọn alágbàwí igi máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ.

Kí ni ìlànà 10-20-30?

Ìpele mẹ́ta tí àwọn onímọ̀ fi ń pín igi ni ìlànà náà dúró lé. Ẹ̀yà ló kéré jù: gbogbo mángòrò jẹ́ ẹ̀yà kan, ìbáà ṣe olómi tàbí oníyarin. Ìran ni àwọn ẹ̀yà tó tan mọ́ra gidi: odán, ọ̀pọ̀tọ́ àti ìpín jẹ́ ìran kan. Ẹbí ló fẹ̀ jù: mángòrò, kajú àti iyeyè jẹ́ ẹbí kan náà bí ojú wọn ò tilẹ̀ jọra.

Ní 1990, Frank Santamour, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà igi ìjọba Amẹ́ríkà, dábàá pé nínú gbogbo igi ìlú kan, kí ẹ̀yà kankan má ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kí ìran kankan má ju ìdá 20 lọ, kí ẹbí kankan má sì ju ìdá 30 lọ. Èrò rẹ̀ ni pé bí kòkòrò tó ń jẹ ìran kan bá dé, kó má lè kó ju ìdámárùn-ún igi ìlú lọ. Melbourne ní Ọsirélíà tún mú un le sí i. Ọ̀dá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997 tí kò parí títí di 2009 ti fìyà jẹ igi ìlú náà, nítorí bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ètò igi wọn ní 2012, wọ́n fi ààlà sí 5-10-20, wọ́n sì pinnu pé kí ìbòjì igi tó bo ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún di ìdá 40 kó tó di 2040.

Ọ̀pọ̀ ìlú ló ń fi ìlànà Santamour yangàn báyìí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta kò ó ní ẹ̀rí tiwọn. Àkọ́kọ́, gbogbo ìlú lápapọ̀ ni ìlànà náà ń kà. Ìlú lè pa á mọ́ pátápátá kí àdúgbò kan sì jẹ́ kìkì igi maple. Bí kòkòrò maple bá dé, àdúgbò yẹn nìkan ni òrùn máa pa. Kò ní tù wọ́n nínú pé nọ́ńbà ìlú dára.

Èkejì, àwọn kòkòrò kan wà tí kì í yan ẹbí. Kòkòrò oníwo gígùn ti Éṣíà, tí wọ́n rí ní New York ní 1996, ń jẹ maple, elm, willow àti birch, bẹ́ẹ̀ ẹbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn wọ̀nyí. Ti Gúúsù Áfíríkà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: kòkòrò tíntìntín tí wọ́n dá mọ̀ níbẹ̀ ní 2017 máa ń lu ihò sínú igi, á wá gbin oúnjẹ tirẹ̀ tó jẹ́ ẹbí olú síbẹ̀, oúnjẹ yẹn ló sì ń pa igi. Igi tó ń bá jà wá láti inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹbí. Nítorí èyí, àwọn olùṣètò kan ti ń sọ pé dípò kí a máa ka ẹ̀yà lásán, kí a kọ orúkọ kòkòrò àti àrùn tó ṣeé ṣe kó dé, kí a wá ṣírò iye ìbòjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè kó lọ. Ìbòjì ni mo wí, kì í ṣe iye igi: igi ńlá kan lè bo ibi tí ọmọ igi ogún kò lè bò.

Ẹ̀kẹta ni ti ẹwà, ẹ má sì fojú kéré rẹ̀, nítorí òun ni àwọn ará àdúgbò máa ń kọ́kọ́ gbé dìde nípàdé. Títì tí igi rẹ̀ bára dọ́gba máa ń wu ojú. Ọ̀nà tí àwọn olùṣètò ń gbé e gbà ni kí wọ́n wá ẹ̀yà tó yàtọ̀ síra ṣùgbọ́n tí gíga wọn, ìrísí orí wọn àti títóbi ewé wọn sún mọ́ra, kí wọ́n pò wọ́n mọ́ra lójú títì kan. Ẹni tó ń wakọ̀ kọjá ò ní mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kòkòrò á mọ̀ ọ́n.

Ṣé igi ìbílẹ̀ nìkan ni kí a wá máa gbìn?

Ẹgbẹ́ méjì ló ń jiyàn níbí, àpẹẹrẹ ò sì wọ́n fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn tó fara mọ́ igi ìbílẹ̀ ní òun ni ẹyẹ àti kòkòrò agbègbè mọ̀, òun sì ni kì í di èpò. Wọ́n á ní kí ẹ wo igi píà tí Amẹ́ríkà mú wá láti Éṣíà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà lórúkọ Bradford ní 1963. Ara igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti gé ẹ̀ka tí wọ́n fi sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí náà kò lè gba ara rẹ̀ lóyún, kì í so. Nígbà tó yá, àwọn oríṣi mìíràn láti inú ẹ̀yà kan náà wọ ọjà, wọ́n bá ara wọn ṣe pọ̀, èso bẹ̀rẹ̀, ẹyẹ gbé e wọ oko àti ẹ̀bá ọ̀nà. Láti oṣù kìíní 2023 ni Ohio ti fòfin de títà àti gbígbìn rẹ̀.

Àwọn tó wà lódìkejì á bi yín léèrè pé igi ibo ni elm tó kú yẹn? Igi ibo ni ash? Igi ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì, nítorí pé wọn ò sì bá àrùn tàbí kòkòrò àjèjì náà pàdé rí ni wọn ò fi ní ohun tí wọ́n máa fi bá a jà. Wọ́n á tún ní igbó kọ́ ni ẹ̀bá títì: ilẹ̀ tó ti le, òrùn tó ń ta padà láti ara ògiri, erùpẹ̀ tó kún fún àfọ́kù kọnkéré. Igi tó bá títì tí a ní mu, tí kò sì ní di èpò, ni kí a gbìn níbikíbi tó bá ti wá.

Kí ni wọ́n ń wò lójú títì kí wọ́n tó yan igi?

Ìhín ni ariwo ti kéré jù, bẹ́ẹ̀ ìhín ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ẹni tó ń yẹ ojú títì wò ń wo igi tí kò tíì sí, bí yóò ṣe rí ní ogún ọdún sí ìsinsìnyí.

Ó máa ń kọ́kọ́ gbójú sókè. Bí wáyà iná bá gba orí ibẹ̀ kọjá, igi tí kò ní ga ju nǹkan bíi mítà 7 tàbí 8 lọ ló yẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn oníná á máa gé e láàárín lọ́dọọdún títí tí yóò fi di oníwo méjì. Lẹ́yìn náà ni òpó iná, àmì ojú ọ̀nà àti oríta: igi kò gbọ́dọ̀ dí ojú awakọ̀ tó fẹ́ yà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye mítà tí òfin sọ yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Ó ń wo ògiri: èwo ló ń gba oòrùn ọ̀sán, èwo ló ń wà nínú òjìji látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ń béèrè ibi tí páìpù omi, páìpù gáàsì àti wáyà abẹ́ ilẹ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì.

Ilẹ̀ ló kàn. Wọ́n á bu erùpẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fi omi sí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka. Bó bá ń fà gbọọrọ láìjá, amọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá ń wó dànù, yanrìn ni. Wọ́n á fi ọ̀pá irin gún ilẹ̀ láti mọ ibi tó ti le tí gbòǹgbò ò fi ní lè kọjá, nítorí ẹsẹ̀ ènìyàn, taya ọkọ̀ àti ẹ̀rọ àwọn tó ṣe títì ti tẹ ibẹ̀ pọ̀. Wọ́n á wọn kíkan ilẹ̀ pẹ̀lú. Omi òjò tó ń ṣàn lórí kọnkéré máa ń gbé ẹfun inú sìmẹ́ńtì wọ ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí pH ilẹ̀ ìgboro, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn kíkan, fi sábà máa ń ju 7 lọ, ìyẹn ni pé ilẹ̀ náà kò ní kíkan. Nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, igi bíi pin oak kì í rí irin tó gbà sára. Ewé rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, iṣan ewé nìkan ni yóò kù ní àwọ̀ ewé.

Àyẹ̀wò omi kò gba owó rárá. Wọ́n á gbẹ́ kòtò tó jìn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, wọ́n á rọ omi kún un kí ó fà tán, wọ́n á tún rọ ọ́ kún lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n tó wo bó ṣe ń fà sí. Nínú ìlànà tí Yunifásítì Cornell ń kọ́ni, bí kò bá fà tó sẹ̀ǹtímítà 10 ní wákàtí kan, omi ń dúró jù níbẹ̀, igi tó lè fara da ẹsẹ̀ nínú omi ni kí wọ́n wá. Bó bá fà ju 20 lọ, ilẹ̀ náà ò lè di omi mú, igi tó mọ ọ̀dá ni kí wọ́n fi síbẹ̀.

Bí igi kan bá ti wà lójú títì náà tẹ́lẹ̀, òun ni ẹlẹ́rìí tó dára jù. Ẹ̀ka orí tó ń gbẹ wá sílẹ̀, etí ewé tó jó, ọmọ ẹ̀ka tí kò gùn ju ìka lọ lọ́dún kan: gbogbo rẹ̀ ló ń sọ ohun tí igi tuntun yóò bá pàdé. Ibi tí ìwé àyẹ̀wò ti ń já sí òtúbáńtẹ́ ni ibi tí wọ́n ti yan igi tán kí wọ́n tó lọ wo ilẹ̀, èyí sì wọ́pọ̀, torí pé ohun tó wà lọ́jà ọ̀gbìn lọ́sẹ̀ náà ló sábà máa ń pinnu.

Ṣé gbòǹgbò ló ń fọ́ kọnkéré, àbí kọnkéré ló ń pa igi?

Méjèèjì. Ọ̀pọ̀ gbòǹgbò igi kì í jìn ju mítà kan lọ. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń nà sí, wọ́n a sì nà kọjá ibi tí ẹ̀ka parí sí dáadáa. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ń lò ni pé ilẹ̀ tó jẹ́ kúbíìkì mítà 0.3 sí 0.6 ni igi nílò fún mítà kọ̀ọ̀kan níbùú àti lóròó tí ìbòjì rẹ̀ bò. Igi tí orí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 6 bo nǹkan bíi mítà 28 níbùú-lóròó, nítorí náà ó ń wá ilẹ̀ tó tó kúbíìkì mítà 8 sí 17. Kòtò tó wọ́pọ̀ lójú títì, tó fẹ̀ ní mítà 1.2 lọ́tùn-ún-lósì tó sì jìn ní mítà kan, kò tó kúbíìkì mítà 1.5. Gbòǹgbò tí ebi ń pa á wá afẹ́fẹ́ àti omi lọ sí abẹ́ kọnkéré gan-an, níbi tí ọ̀rinrin ń sá pamọ́ sí, á sì gbé e sókè bó ṣe ń sanra.

Láti àwọn ọdún 1990 ni Cornell ti ń po òkúta fífọ́ mọ́ erùpẹ̀ amọ̀ lọ́nà tí òkúta á fi gbé ẹrù títì, tí gbòǹgbò á sì ráyè rìn láàárín òkúta. Àwọn mìíràn ń fi férémù oníke gbé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sókè kí erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ má bàa tẹ̀ pọ̀. Ìjiyàn ibẹ̀ jẹ́ ti owó: bóyá kí ìlú gbin igi púpọ̀ sínú kòtò kékeré, àbí kó gbin díẹ̀ sínú ilẹ̀ tó tó wọn.

Igi ni wọ́n fẹ́ gbìn fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló dé tí àwọn kan fi kọ̀ ọ́?

Ní Detroit láàárín 2011 sí 2014, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn onílé tí ẹgbẹ́ kan fẹ́ gbin igi síwájú ilé wọn ló ní àwọn ò fẹ́. Ìwádìí tó tọ́pa rẹ̀, tó jáde ní 2019, rí i pé kì í ṣe pé wọ́n kórìíra igi. Wọ́n ti rí ìlú tó gbin igi rí tí kò padà wá tọ́jú rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ọrùn àwọn ni iṣẹ́ náà máa já lé, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè igi tí wọ́n fẹ́. Àwọn tó kọ̀ ọ́ sọ ohun tí wọ́n rí, ohun tí ìwé ètò ò kọ.

Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la òdìkejì rẹ̀ kọjá. Ìwé àdéhùn títì tí ìlú náà tọwọ́ bọ̀ ní 2012 fún ọdún 25 fàyè gba rírọ́pò igi tó tó 17,500 nínú nǹkan bíi 35,000 tó wà lójú títì. Ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ gé ni elm àgbà kan tí àrùn ò pa ní Chelsea Road. Àwọn ará àdúgbò dúró sí ìdí igi, ọlọ́pàá dé, ẹjọ́ dé. Ìlú dá gígé dúró ní oṣù kẹta 2018 lẹ́yìn tí igi tó lé ní 5,000 ti lọ. Ìwádìí òmìnira tí Mark Lowcock darí, tó jáde ní oṣù kẹta 2023, dá ìgbìmọ̀ ìlú náà lẹ́bi gidigidi, ìgbìmọ̀ náà sì tọrọ àforíjì. Àwọn tó gbèjà àdéhùn náà nígbà yẹn ní àwọn igi kan ti ń ba ọ̀nà àwọn arúgbó àti àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìsàn jẹ́, èyí tí kì í ṣe irọ́. Ohun tí wọ́n ń jà lé ni bóyá kò sí ọ̀nà mìíràn láti tún ọ̀nà ṣe yàtọ̀ sí kí igi lọ.

Lẹ́yìn gbígbìn ńkọ́?

Kòtò gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìdì gbòǹgbò, ṣùgbọ́n kó má jìn jù ú lọ: ibi tí ìdí igi ti ń fẹ̀ kó tó di gbòǹgbò gbọ́dọ̀ hàn lókè ilẹ̀. Ewé gbígbẹ tàbí èèpo igi tí wọ́n bá da yí i ká kò gbọ́dọ̀ nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ kan ara igi. Fún ọdún méjì àkọ́kọ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, igi títì nílò nǹkan bíi lítà 60 sí 75 omi lọ́sẹ̀.

Ẹ ó máa gbọ́ pé igi títì kì í pẹ́ ju ọdún méje lọ. Ìwádìí kan tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀ ní 2011 fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀: ìdá 94.9 sí 96.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń yè lọ́dọọdún, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn sì jẹ́ ọdún 19 sí 28. Ìyẹn dára ju ohun tí wọ́n ń sọ lọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: bí ìdá 4 bá ń kú lọ́dọọdún, ìdajì ohun tí a gbìn ti lọ kí ọdún 17 tó pé. Gbogbo ẹ̀yà kì í sì í kú ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ̀yà tó jẹ́ ìdá 10 lọ́jọ́ tí wọ́n gbìn ín lè ti di ìdá 18 nítorí pé àwọn alábàágbé rẹ̀ ló kú, láìsí ẹni tó gbin ẹyọ kan kún un. Nítorí èyí ni àwọn ìlú tó mú ìlànà 10-20-30 ní òkúnkúndùn fi ń padà lọ ka igi wọn títì dé títì láti ìgbà dé ìgbà, tí wọ́n sì ń fi èsì kíkà náà pàṣẹ irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́gbìn.